Àmín Tó Bọ́ Lẹ́nu

Àmín náà ti bọ́ lẹ́nu Ìbídùn kó tó rántí ògiri.

Ó sáré fi ọwọ́ bo ẹnu, àmọ́ ẹyin lohùn; bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Akíntáyọ̀ ọkọ rẹ̀, tó jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí àga gígùn, ti ṣe àmín tirẹ̀ ṣáájú, àmín gidi tó ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, irú èyí tí ọmọ ń ṣe fún ìyá tí kò fojú kàn láti ọdún mẹ́rin. Tọkọtaya náà wo ara wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n jọ gbójú sókè wo àpótí kékeré tó wà lára ògiri, lókè ibi tí wọ́n ń to ife sí.

Àpótí náà kò ju páálí ìṣáná lọ. Agbọ́hùn ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ilé kan ní Èbúté-Ògiri tí kò ní tirẹ̀.

"A ti gbọ́," ni Agbọ́hùn wí, pẹ̀lú ohùn obìnrin tó ní sùúrù. "Akíntáyọ̀ Adélàjà gbà kí ọmọ wá. Ìbídùn Adélàjà gbà kí ọmọ wá. Ẹ kú oríire. Àgádágodo yín ti ń ṣí. Ọjọ́ méje lẹ ní láti yí ọ̀rọ̀ padà, ẹnu méjèèjì ni yóò sì sọ ọ́."

Lábẹ́ awọ apá òsì Ìbídùn, níbi tí wọ́n ti ki àgádágodo tí kì í jẹ́ kí oyún dúró bọ̀ ọ́ lára nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, iná kékeré kan tàn bíi ti tanátaná. Ó kú. Ó tún tàn. Ogún ọdún gbáko ló ti wà níbẹ̀ tí kò tàn rí. Akíntáyọ̀ ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Tirẹ̀ náà ń ṣẹ́jú.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?" ni Màmá béèrè. "Ta ló wà nínú ògiri?"

Bẹ́ẹ̀ tọkọtaya náà ti ń ṣe dáadáa bọ̀ láti ọ̀sán. Òkè-Àgbá ni Màmá ti wá, ibi tí kò sí ẹ̀rọ kankan lára ògiri, tí ògiri gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Kò tíì mu omi tán tó fi bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ní ilé wọn kò ní dàrú. Wọ́n fi ọwọ́ kan àyà. Ó ní òkun kò ní gbé wọn lọ. Wọ́n tún fi ọwọ́ kan àyà, bí gbogbo ará Èbúté-Ògiri ṣe ń ṣe, torí ọmọ ọdún mẹ́ta níbẹ̀ mọ̀ pé inú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí nìkan lèèyàn ti ń la ẹnu ṣe àmín. Màmá wò wọ́n látòkè délẹ̀.

"Ṣé àdúrà mi ló ń rùn ni?" ó wí. "Àbí ìlú etí òkun yìí ti sọ yín di ẹni tí kì í ṣe àmín fún ìyá?"

Ojú ti ọmọ. Ojú ti ìyàwó ju ọmọ lọ. Ojú yẹn ṣì ń tì wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, tó ní, "Ìwòyí àmọ́dún, ọmọ á ti máa ké nínú ilé yìí, lágbára Olúwa."

Ta ni yóò gbọ́ irú rẹ̀ tí ahọ́n rẹ̀ kò ní sáré? Ìjọba gan-an ló fa ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Agbọ́hùn dé, "mo gbà" ni wọ́n kọ́ ọ pé kó máa retí. Wọ́n dúró títí, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò la ẹnu gbàgà pé òun gbà láti bímọ, bí ẹni ń gba ẹrù ní ibùdókọ̀? Bí ẹ̀rọ bá bi wọ́n pé ṣé ẹ fẹ́ ọmọ, wọ́n á ní Ọlọ́run á ṣe é, àmín. Ó sú ìjọba. Wọ́n wá kọ́ ẹ̀rọ pé àmín náà, gbígbà ni, bí ẹnu ọkọ àti ti ìyàwó bá ti sọ ọ́ sí ọ̀rọ̀ ọmọ. Láti ìgbà náà ni odidi ìlú ti ń gbé àmín mì.

Akíntáyọ̀ ló ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bọ́ ọmọ. Màmá gbọ́ ọ tán. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó sì fi di ẹnu ara rẹ̀ pinpin.

* * *

Ìbídùn bọ́ sí ẹ̀yìn ilé, ó ń ka oṣù lórí ìka. Òkúdu ni wọ́n wà. Agẹmọ, Ògún, Ọwẹ́wẹ̀, Ọ̀wàrà, Bélú, Ọ̀pẹ, Ṣẹ́rẹ́, Èrèlé. Ìka kẹsàn-án bọ́ sórí Ẹrẹ́nà. Ó tún un kà, bóyá ìka lè parọ́. Ẹrẹ́nà náà ni.

Ní Èbúté-Ògiri, àárín Àsìkò Iná ni Ẹrẹ́nà. Oṣù tí ẹyẹ ń já bọ́ láti orí òrùlé, tí wọ́n ń fi aṣọ tútù bo arúgbó láti òwúrọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní oṣù náà, inú Yàrá Tútù ló gbọ́dọ̀ gbé títí òjò yóò fi dé. Òun àti Akíntáyọ̀ ti jọ sọ ọ́ láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra pé oṣù Ọ̀pẹ ni àwọn máa ṣí, kí ọmọ lè bọ́ sí Ọwẹ́wẹ̀, kí òjò jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tó máa gbọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ títí ó ti di bí orin láàárín wọn. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, iṣẹ́ Akíntáyọ̀ ò tíì dúró. Wọ́n sún un síwájú. Ní èṣí, ọ̀rọ̀ Fadérera àbúrò Ìbídùn ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù ò jẹ́ kó lè ṣí i. Ọ̀pẹ ọdún yìí ni wọ́n fi sí, gbẹ́yìn-gbẹ́yìn.

Òfin kò sì gba àwàdà. Ogójì ọjọ́ péré ni àgádágodo fi ń wà ní ṣíṣí. Bí oyún kò bá dúró láàárín rẹ̀, tàbí bí tọkọtaya bá yí ọ̀rọ̀ padà, yóò tì, wọn ò sì gbọdọ̀ ṣí i mọ́ títí di ọdún mẹ́ta, torí omi tí wọ́n ti pín fún ọmọ náà ti dàrú mọ́ àwọn olùpín-omi lọ́wọ́. Obìnrin tó bá sì ti pé ọdún mẹ́rìndínlógójì, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Ìbídùn. Bí wọ́n bá tì í, ó tì nìyẹn.

Akíntáyọ̀ wá bá a. Kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìdùnnú kan wà ní igun ẹnu rẹ̀ tí kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Inú bí Ìbídùn nígbà tó rí i.

"Ó kéré tán, dídúró ti tán," ni Akíntáyọ̀ wí.

"Ẹrẹ́nà ni, Akin."

"Mo mọ̀. Èmi náà lè kà. Ṣebí torí Ẹrẹ́nà ni wọ́n ṣe kọ́ Yàrá Tútù? Ìwọ gan-an lò ń tún ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣe. Ta ló tún lè ní ààbò tó ọmọ tiwa?"

Ìbídùn wo ẹnu ọ̀nà. Agbọ́hùn kejì wà níbẹ̀, lókè férémù. "Kò sí nǹkan," ó wí. "Jẹ́ ká wọlé."

* * *

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Òótọ́ ni pé Ìbídùn ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Yàrá Tútù. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ nìyí. Ó sì ti búra níwájú ọ̀gá rẹ̀, bí gbogbo wọn ti ṣe, pé ohun tí ojú òun bá rí nídìí ẹ̀rọ, ẹnu òun ò ní sọ ọ́ nínú ilé.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ síbi iṣẹ́. Àpò irinṣẹ́ ló fi bo apá òsì tó ń ṣẹ́jú. Ọgọ́ta ibùsùn kéékèèké ló wà nínú Yàrá Tútù, gbogbo wọn ṣófo báyìí tí òjò ń rọ̀, aṣọ funfun ló bò wọ́n. Ó gba àárín wọn kọjá láì wò wọ́n. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà lẹ́yìn ilé. Kí ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá máa wò ó pé mẹ́rin ni, ìyẹn nìkan ni méjì nínú wọn wà fún. Wọ́n ti tú inú wọn láti fi tọ́jú méjì tó kù. Páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ tútù wọlé, ó ti bẹ́ ní ibi márùn-ún, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi rọ́bà wé e níbi márààrún. Ó gbé ọwọ́ lé rọ́bà kẹta. Ó ti rọ̀.

Ibẹ̀ ló ti bẹ́ ní Ẹrẹ́nà èṣí.

Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni lọ́jọ́ náà. Ó wá wo ọmọ àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ Fadérera, ọmọ ọjọ́ mọ́kànlá tó máa ń sín bí àgbàlagbà tó fín áásáà. Ẹ̀rọ dákẹ́ ní agogo méjìlá ọ̀sán, àwọn tí iṣẹ́ kàn lọ́jọ́ náà sì sáré lọ sídìí rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló wà láàárín ọgọ́ta ọmọ. Ìbídùn kò rí abẹ̀bẹ̀, ó mú tíréè oúnjẹ, ó ń fi fẹ́ ẹ. Fadérera dákú, wọ́n gbé e jáde, ó ku òun nìkan. Ó fẹ́ ẹ títí ọwọ́ ọ̀tún kú, ó fi òsì fẹ́ ẹ títí òsì náà kú. Ó gbé tíréè sílẹ̀ pé kí òun na apá. Nígbà tó tún un gbé, ọmọ náà ti rọ̀ mọ́ ibùsùn, ojú rẹ̀ là díẹ̀. Agogo mẹ́rin ni ẹ̀rọ jí. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n kọ sínú ìwé pé ó fi dákẹ́.

Láti ìgbà náà, bó bá gbé tíréè kalẹ̀ nílé, ó máa ń rọra gbé e kalẹ̀ ni, kó má baà dún.

* * *

Ọjọ́ kẹrin ló tó ráyè bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Akíntáyọ̀ ló ń wọn gíga òkun láràárọ̀ lórí ògiri ńlá tí ìlú fi dènà rẹ̀, ariwo omi níbẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ kankan lè gbọ́ lọ. Ó ti sọ ọ̀pá ìwọ̀n sómi nígbà tí Ìbídùn gun àtẹ̀gùn bá a.

Ó sọ gbogbo rẹ̀: ẹ̀rọ mẹ́rin tó jẹ́ méjì, rọ́bà márùn-ún, tíréè, agogo mẹ́rin. Akíntáyọ̀ gbàgbé ọ̀pá lọ́wọ́, omi ń fà á.

"O ní ogún ìṣẹ́jú ni nígbà yẹn," ó wí.

"Ohun tí wọ́n ní ká máa sọ ni mo sọ."

"Fún èmi náà?"

"Inú ilé la wà, Akin. Níwájú àpótí."

Ó fa ọ̀pá jáde, ó wò ó, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. "Ṣé o ò lè tún un ṣe dáadáa kó tó di Ẹrẹ́nà? Ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe jù níbẹ̀."

"Bí ọ̀bẹ bá mú tó wo, ṣé ó lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀? Páìpù tuntun ni wọ́n nílò. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń béèrè."

"Òkè-Àgbá ń kọ́? Bí a bá gbé e lọ sọ́dọ̀ Màmá, lórí òkè?"

"Aboyún ò gbọdọ̀ kọjá ibodè, o sì mọ̀." Ó di apá ọkọ rẹ̀ mú. "Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo ti wo èyí, Akin. Mo ti rí bó ṣe máa rí. Mo mọ ibùsùn tí wọ́n máa gbé e sí."

Akíntáyọ̀ yíjú sí òkun. Ìdùnnú tó wà ní igun ẹnu rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin kò sí níbẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ sì dàgbà lójijì. Ó ní, "Ó dáa. Ká tì í."

Ohun tí Ìbídùn wá gbọ́ nìyẹn. Òun ló tìtorí rẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Àmọ́ nígbà tó wọ̀ ọ́ létí, ó dùn ún bí ìgbà tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí i pé òun ti ń retí kí ọkọ òun jà. Ó yọ ọwọ́ lára rẹ̀, ó ní òun ti ń pẹ́ níbi iṣẹ́, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ.

* * *

Màmá kò sọ̀rọ̀ nínú ilé láti ọjọ́ tí àmín ti bọ́. Gèlè ló fi ń di ẹnu bó bá ti jí, yóò tú u láti jẹun, yóò tún un dì. Bó bá fẹ́ iyọ̀, yóò nawọ́. Akíntáyọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Ìta nìkan, nídìí ẹ̀rọ omi àdúgbò, ló ti ń la ẹnu, ibẹ̀ náà yóò kọ́kọ́ wo igi àti òpó iná yí ká.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, òun àti Ìbídùn jọ jókòó ti korobá wọn, wọ́n ń dúró kí omi wọn kàn.

"Ìyàwó mi," ni Màmá wí, "ẹ dárí jì mí. Mo fi ẹnu mi ba ti yín jẹ́."

"Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Àdúrà lẹ gbà. Ẹnu tiwa ló sáré."

"Ọkọ ẹ ní ẹ máa tì í lọ́la."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Màmá mi orí. Ó fi ọwọ́ nu etí korobá tó mọ́ tẹ́lẹ̀. "Wọn kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àmọ́ èmi ni mo bí wọn, jẹ́ kí n ka tèmi létí ẹ. Méje ni. Mẹ́ta wà lábẹ́ ilẹ̀. Ooru ló pa méjì níbẹ̀."

Ìbídùn kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló ti fẹ́ Akíntáyọ̀, àwọn mẹ́rin nìkan ló ti gbọ́ orúkọ wọn rí.

"Ẹrẹ́nà ni mo bí ọkọ ẹ," ni Màmá ń bá a lọ. "Ṣé kò sọ fún ẹ? Bóyá òun náà ò mọ̀. Mo gbé e wọ inú ihò àpáta lẹ́yìn ilé wa, mo jókòó tì í, mo ń fẹ́ ẹ. Mo lè ní abẹ̀bẹ̀ ló gbà á là. Àmọ́ mo fẹ́ àwọn tó kú náà. Ihò àpáta kan náà ni. Abẹ̀bẹ̀ kan náà ni."

"Kí wá ló gbà á là?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Bí mo bá ní mo mọ̀, mo purọ́ fún ẹ." Ó gbójú sókè. "Mi ò lè sọ fún ẹ pé kò ní kú. Ẹnu tí mo fi dá ọ̀rán sílẹ̀, mi ò ní tún fi parọ́. Ẹ̀rù bà mí lórí méjèèje. Ti ọkọ ẹ ṣì ń bà mí títí di òní, pẹ̀lú irùngbọ̀n tó hù yẹn."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ìbídùn, omi ló jáde lójú rẹ̀. "Àwọn méjì yẹn, Màmá. Ká ní ẹ lè padà sẹ́yìn, kí ẹ sọ pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá..."

Màmá kò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Èyí àkọ́kọ́ máa ń di etí mi mú bó bá ń mu ọmú," ó wí. Ó fọwọ́ kan etí òsì, ó sì fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Omi kàn wọ́n.

* * *

Ilé-Iṣẹ́ Ìbímọ kò kún ní ọjọ́ keje. Akọ̀wé ibẹ̀, Bàbá Ṣówándé, jẹ́ àgbàlagbà tó ní ojú àánú, ó sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà débi tó fi mọ̀ pé ó ṣòro fún èèyàn láti sọ pé "mo gbà kí a tì í." Ahọ́n máa ń wúwo. Àwọn mìíràn á jókòó títí, wọ́n á bú sẹ́kún. Ó wá ní ọgbọ́n kan tó ń ta sí i: yóò fi àdúrà ìtùnú sí i. Yóò gba àdúrà, ẹni náà yóò ṣe àmín, ẹ̀rọ yóò sì gbà á pé ó ti sọ ọ́. Ó rò pé àánú ni, òun sì ni gbogbo ìlú ń gbàdúrà pé kí àwọn bá lórí àga.

Ó ní kí Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn. Màmá jókòó, gèlè lẹ́nu.

Fìtílà méjìlá tín-tìn-tín tò sórí tábìlì níwájú Agbọ́hùn. "Bí ẹ̀rọ bá bi yín," ni Bàbá Ṣówándé wí, "wọ́n á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí èyí tó gbẹ̀yìn tó kú ni kí ẹ ti dáhùn. Bí ẹ ò bá dáhùn, àgádágodo wà ní ṣíṣí nìyẹn, ọ̀rọ̀ parí. Ọkọ ló ń kọ́kọ́ sọ ọ́."

"Akíntáyọ̀ Adélàjà," ni Agbọ́hùn wí, "ṣé ẹ gbà kí a ti àgádágodo yín?"

Fìtílà kan kú. Akíntáyọ̀ la ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀. Ẹ̀kejì kú, ẹ̀kẹta kú.

"Ọmọ mi," ni Bàbá Ṣówándé wí jẹ́jẹ́, "Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú."

"Àmín," ni Akíntáyọ̀ wí.

"A ti gbọ́. Ìbídùn Adélàjà, ṣé ẹ gbà kí a ti àgádágodo yín?"

Àwọn fìtílà tó ti kú tún tàn. Ìbídùn ti múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láti ilé. Ó ti sọ ọ́ nínú rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Fìtílà kan kú. Ó wo apá rẹ̀; iná kékeré yẹn ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, kò kánjú. Ó rí i pé fún ọjọ́ méje òun ti ń bá a mí. Fìtílà kẹrin kú.

"Ìyá mi," ni Bàbá Ṣówándé wí, "Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù rọ́pò."

Ètè Ìbídùn yà díẹ̀. Ó pa á dé. Fìtílà kẹfà kú, ìkeje tẹ̀ lé e.

"Ẹ ò ní mọ ìbànújẹ́ nínú ilé yín."

Ó fi eyín di ahọ́n mú. Akíntáyọ̀ ti yíjú sí i. Ó ń wò ó bí ẹni tí kò tíì rí i rí. Fìtílà kẹsàn-án kú. Bàbá Ṣówándé wo èyí tó kù, àánú obìnrin náà ṣe é gan-an, ó sì fa àdúrà tó lágbára jù lọ́wọ́ rẹ̀ yọ, èyí tí kì í tàsé.

"Ìyá mi, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ."

Ta ló ń gbọ́ ìyẹn tó ń dákẹ́? Bí o bá dákẹ́ sí i, ṣé kì í ṣe pé o gba ìdàkejì rẹ̀ mọ́ra? Àmín náà dìde nínú Ìbídùn fúnra rẹ̀, ó gun ọ̀fun, ó dé ẹ̀yìn eyín. Ó rí tíréè. Ó rí ojú tó là díẹ̀. Kò sí àdúrà kan láyé tó fẹ́ kó ṣẹ tó ìyẹn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni kò gbọdọ̀ gbà. Ó di ẹnu mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ ahọ́n rẹ̀ ń ta á lẹ́nu. Ìkẹwàá kú. Ìkọkànlá kú.

Lẹ́yìn, lórí bẹ́ǹṣì, Màmá fi ọwọ́ méjèèjì di gèlè mọ́ ẹnu.

Fìtílà tó gbẹ̀yìn kú.

"A ò gbọ́," ni Agbọ́hùn wí. "Àgádágodo wà ní ṣíṣí. Ẹ kú oríire."

* * *

Òjò Òkúdu ti dá nígbà tí wọ́n jáde. Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ìdí ògiri òkun, níbi tí ariwo omi ti bo gbogbo nǹkan. Ibẹ̀ ni Ìbídùn ti dúró. Ẹ̀rù ń bà á, kì í ṣe díẹ̀. Ó ń bà á bí kò ṣe bà á rí láyé.

"Màmá," ó wí, "àdúrà tí bàbá yẹn gbà kẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un gbà."

Màmá wo òpó. Ó wo igi. Ó tú gèlè lẹ́nu, ó sì gba àdúrà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn méjèèjì ṣe àmín sí i, wọ́n pariwo rẹ̀ débi tí àwọn tó ń kọjá lókè ògiri fi wo ìsàlẹ̀. Akíntáyọ̀ ń sunkún, kò sì fi pamọ́.

Màmá wé gèlè padà sórí, níbi tó yẹ kó wà. Ó nu ojú. "Ibo ni wọ́n ti ń ta imọ̀ ọ̀pẹ nílùú yìí?" ó wí. "Mo fẹ́ hun abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Mi ò ní lọlé mọ́ títí òjò ọdún tó ń bọ̀. Ṣé kan á tó?"

"Ẹ hun mẹ́ta, Màmá," ni Ìbídùn wí. "Tiyín, ti Akin, tèmi. Ọwọ́ ẹnì kan ò tó. Mo ti dán an wò."